Ọ̀nà Púpọ̀, Ọjà Kan: Ìpinnu Nínú Eré Orí Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọ̀nà bá wọ ọjà kan náà, kí ni yíyàn ọ̀nà já mọ́? Ìbéèrè yìí ló dá awuyewuye sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2012, nígbà tí ilé-iṣẹ́ BioWare ti ilẹ̀ Kánádà gbé eré Mass Effect 3 jáde. Láti ọdún 2007 tí apá kìíní ti jáde ni ìpinnu ẹni tó ń ṣeré ti ń bá a lọ láti apá kan dé òmíràn: ọ̀rẹ́ tó bá kú ní apá kejì kò ní sí ní apá kẹta. Àmọ́ nígbà tí eré parí, yíyàn tí kò ju mẹ́ta lọ ni wọ́n bá, àwọ̀ nìkan ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀: pupa, búlúù, àwọ̀ ewé. Inú bí wọn gan-an. Ní oṣù Kẹfà, ilé-iṣẹ́ náà fi àlàyé kún ìparí náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìṣirò ló fà á. Bí ìpinnu mẹ́wàá, olójú méjì-méjì, bá la ọ̀nà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìparí 1,024 ni a ó kọ. Ta ni yóò sanwó rẹ̀?

Ní ọdún yẹn kan náà ni Telltale gbé The Walking Dead jáde. Ní apá kìíní, Lee, ẹni tí à ń darí, lè gba Carley tàbí Doug là, kì í ṣe àwọn méjèèjì. Èyí tó bá yè yóò kú ní apá kẹta. Àwọn kan ní asán ni. Èmi kò gbà. Kí Carley tó kú, ó rọ Lee pé kí ó jẹ́wọ́ àṣírí rẹ̀ fún àwọn yòókù; ẹni tó gba Doug là kò ní gbọ́ ìmọ̀ràn yẹn rárá.