Títo Ọ̀nà Ojú Òfurufú Lọ́dọ̀ Àwọn Awakọ̀ Bàálù Inú Kọ̀ǹpútà

Ilé-iṣẹ́ bàálù inú kọ̀ǹpútà ni ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n ń jókòó sílé, tí wọ́n ń wa ẹyẹ irin láti ìlú dé ìlú lójú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń tẹ̀lé àkókò àti òfin tí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù gidi ń tẹ̀lé, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Eré bàálù, irú èyí tí Microsoft kọ́kọ́ gbé jáde ní 1982, ni àṣà náà ti hù wá. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dé, àwọn awakọ̀ wọ̀nyí rí ojú òfurufú kan tí wọ́n ti lè pàdé ara wọn lábẹ́ ètò bíi IVAO, tí ó ti wà láti 1998, àti VATSIM, tí a dá sílẹ̀ ní 2001, níbi tí àwọn olùdarí ojú òfurufú, tí àwọn náà ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, ti ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀mí igba ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú èrò pé kí òun ṣáà gbéra kí òun sì balẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀, kò ní pẹ́ rí i pé apá tí ó le jù nínú ìrìn-àjò ti parí kí táyà tó yí, èyí tí í ṣe títo ọ̀nà.

Àwọn baba wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún àṣá àti fún lékeléke. Ṣùgbọ́n ní ti bàálù, àwọn ìjọba ayé ti pín ojú ọ̀run láàrin ara wọn bí ẹni pín oko, wọ́n ti fi oníbodè sí i, wọ́n sì ti sọ ìga tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ gbà. Bí a ti ń kọjá lọ́wọ́ àwọn oníbodè wọ̀nyí ni awakọ̀ inú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀nà rẹ̀ tó jọ ti gidi.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀nà Èkó sí London yẹ̀ wò. Láti pápákọ̀ Murtala Muhammed tí ó wà ní Ìkẹjà, ní Èkó Akété, ilé ọgbọ́n, dé Heathrow, ó tó nǹkan bí 2,700 máìlì ti orí òkun, ìlú méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti gúúsù sí àríwá, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà tí ó kúrú jù kò fi yà sọ́tùn-ún yà sósì: a ó fi ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀, a ó gba orí ilẹ̀ Ìbàrìbá kọjá sí Niger, a ó la aṣálẹ̀ Sàhárà já ní Algeria, a ó ré Òkun Mẹditaréníà kọjá, kí a tó wọ ilẹ̀ Faransé. Síbẹ̀ kì í ṣe ìlà gbọọrọ kan ni a ń fà. Òfurufú ní oríta tirẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ní orúkọ oní-lẹ́tà márùn-ún, àwọn ọ̀nà tí a forúkọ sí sì so wọ́n pọ̀. Àwọn oríta wọ̀nyí ni awakọ̀ ń kọ tẹ̀léra tẹ̀léra sínú ìwé ìrìn rẹ̀. Níwọ̀n bí orí bàálù ti tẹ̀ díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn nígbà tí ó ń lọ, iye ẹgbẹ̀rún tí ó ṣeé pín sí méjì ni ó gbọ́dọ̀ fi ṣe ìga rẹ̀: yóò kọ́kọ́ wà ní 34,000 ẹsẹ̀ bàtà nígbà tí epo ṣì wúwo nínú rẹ̀, yóò gòkè sí 36,000 bí ó ti ń fúyẹ́, bóyá yóò sì dé 38,000 kí ó tó rí ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó bá ń bọ̀ wálé, 35,000 àti 37,000 ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ 35,000 sínú ìwé àlọ ti fi hàn gbangba pé àlejò ni òun nínú iṣẹ́ náà.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ìhà òkun, bàálù yóò kọjú sí gúúsù gbéra ní Ìkẹjà kí ó tó ṣẹ́rí padà sí àríwá, epo ìṣẹ́rípadà yẹn sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. Ní Heathrow, ibi mẹ́rin ni a ti ń mú àlejò dúró lókè, tí wọn yóò máa yípo títí àyè yóò fi ṣí: Bovingdon, Lambourne, Ockham àti Biggin, àwọn tí ó ti gúúsù wá sábà máa ń bá ara wọn ní méjì ìkẹyìn. Bí awakọ̀ bá sì gbéra ní Ìkẹjà ní aago mẹ́jọ alẹ́, àárín òru ni yóò kan Heathrow, ní àkókò tí òfin ti dín iye bàálù tí ó lè balẹ̀ kù kí àwọn aráàlú lè sùn. Ìdí nìyí tí àwọn bàálù òru fi ń pẹ́ kí wọ́n tó kúrò l'Ékòó, tí wọ́n sì ń dé ní ìdájí.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀rọ̀ ìjọba sì lè sọ ọ̀nà tí ó dára lánàá di èèwọ̀ lónìí. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní Oṣù Keje 2023, wọ́n ti ojú òfurufú ilẹ̀ náà pa ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹjọ, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 4 Oṣù Kẹsàn-án. Ojú òfurufú Sudan ti wà ní títì láti Oṣù Kẹrin ọdún náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù kò sì jẹ́ gba orí Líbíà nígbà náà. Bí ọ̀nà láàrin Yúróòpù àti àárín Áfíríkà ṣe há mọ́ àwọn bàálù lọ́wọ́ nìyí, tí wọ́n ń yípo, tí wọ́n ń sun epo tí a kò bù sílẹ̀ fún ìrìn náà. Awakọ̀ inú kọ̀ǹpútà tí ó la Niger kọjá gbọọrọ nínú oṣù yẹn gúnlẹ̀ ní tirẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n ìrìn tí bàálù gidi kankan kò lè rìn ni ó rìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Finnair, ilé-iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Finland, tí Rọ́ṣíà ti ojú òfurufú rẹ̀ mọ́ ní 2022: láti Helsinki sí Tokyo, ìrìn tí ó ń gbà wọ́n ní wákàtí mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ tẹ́lẹ̀ di bí wákàtí 13, wọ́n sì ń gba orí òpin ayé ní àríwá nígbà mìíràn.

Afẹ́fẹ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Lórí Òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí afẹ́fẹ́ líle ti ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ lókè réré, Shanwick àti Gander, ibùdó méjì tí ó ń darí bàálù lórí òkun náà, a máa to ọ̀nà tuntun lójoojúmọ́: ti àwọn tí ó ń lọ sí Amẹ́ríkà a máa bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà A, ti àwọn tí ó ń bọ̀ a sì máa parí sí Z. Ọ̀nà àná kì í ṣe ọ̀nà òní. Àwọn ọmọ VATSIM a máa kóra jọ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún láti ré òkun yìí kọjá, wọ́n sì ń pe àpéjọ náà ní Cross the Pond.

Ní ti epo, ìṣirò rẹ̀ kò le: epo ìrìn orí ilẹ̀, epo ọ̀nà, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, epo tí yóò gbé bàálù dé pápákọ̀ ìsádi, ìyẹn ibi tí yóò yà sí bí kò bá lè balẹ̀ níbi tí ó ń lọ, àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a kì í fọwọ́ kàn. Pápákọ̀ ìsádi yìí ni kí a fi ọgbọ́n yàn. Láti ọjọ́ 8 Oṣù Kẹta sí ọjọ́ 18 Oṣù Kẹrin 2017, Abuja kò gba bàálù rárá nítorí àtúnṣe ojú pápá, Kaduna ni a ń gbé àwọn èrò lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé-iṣẹ́ ni a sì ń wò kí a tó yan bàálù. Ẹni tí ó bá fẹ́ wa ọ̀nà Èkó sí Gatwick tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹta 2024, Boeing 777 ni kí ó mú. Kí ó lọ wo Flightradar24 tàbí FlightAware bóyá yóò rí ibi tí bàálù gidi gbà lánàá, kí ó sì jẹ́ kí SimBrief bá a ṣírò epo. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gba ohun tí ẹ̀rọ bá kọ láìkà á. Máàpù òfurufú a máa yí padà ní gbogbo ọjọ́ 28, ẹni tí kò bá sì sọ tirẹ̀ dọ̀tun yóò máa lọ sí ibi tí kò sí mọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti ń balẹ̀ ní Meigs Field ní Chicago lójú kọ̀ǹpútà wọn lẹ́yìn tí olórí ìlú náà ti fi katapílà hú ojú pápá rẹ̀ lóru ní Oṣù Kẹta 2003.

Níbi tí kò bá sí olùdarí, awakọ̀ gidi ní ilẹ̀ Áfíríkà a máa kéde ibi tí ó wà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìkànnì rédíò 126.9, ọmọ VATSIM sì ń ṣe tirẹ̀ lórí 122.8. Níbi gbogbo mìíràn, ìwé ìrìn ti gidi àti ti inú kọ̀ǹpútà lè jọra débi pé a kò ní mọ èwo ni ti eré. Síbẹ̀ a ti kọ ọ́ sára ìwé ìrìn inú kọ̀ǹpútà pé eré nìkan ni ó wà fún, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mú un wọ inú bàálù gidi.