Caro-Kann: Sùúrù Ẹni Tó Mú Dúdú Kì Í Ṣe Ojo

Láti ọdún 2018 tí Túndé Ọnàkọ̀yà ti dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, chess ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Májídùn, Mákòkó àti Òṣòdì. Fún àwa tí a fẹ́ kí eré yìí fìdí múlẹ̀ ní Ìgàndó àti jákèjádò Alímọ̀ṣọ́, ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé: ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ eré wo ni ká kọ́kọ́ kọ́ ọmọ tó mú dúdú? Caro-Kann ni mo fara mọ́, nítorí ọmọdé lè lóye ìdí rẹ̀ kó tó há ohunkóhun sórí.

Horatio Caro àti Marcus Kann gbé àlàyé rẹ̀ jáde ní ọdún 1886. Funfun á ti ọmọ ogun sí e4, dúdú á fi c6 dáhùn. Funfun á gba d4, dúdú á wá kò ó lójú ní d5. Iṣẹ́ c6 ni pé bí funfun bá jẹ ọmọ ogun d5, òmíràn á rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà Faransé, tó fi e6 bẹ̀rẹ̀, náà ń ti d5 lẹ́yìn, àmọ́ e6 yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ bíṣọ́ọ̀bù c8. Caro-Kann ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

Bí funfun bá tẹ̀ síwájú sí e5, dúdú á kọ́kọ́ gbé bíṣọ́ọ̀bù jáde sí f5, á ti e6 tẹ̀ lé e, á sì fi c5 gbógun ti d4. Àwọn alátakò ní ọmọ ogun tó dúró ní c6 kó tó lọ sí c5 ti fi àǹfààní kan ṣòfò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òmìnira bíṣọ́ọ̀bù ló fi rà. Ó dà bí ọ̀ta ayò tó ń kó odù: kò sùn. Ọjọ́ tí yóò tú u ló ń wò.

Sùúrù náà ní ewu tirẹ̀. Ká ní funfun gbé ẹṣin sí c3 dípò kó tẹ̀ síwájú sí e5, dúdú jẹ e4, ẹṣin gbà á padà, bíṣọ́ọ̀bù jáde sí f5, ẹṣin lé e láti g3, ó sá sí g6. Funfun á ti h4. Bí dúdú bá gbé ẹṣin sí d7 láìkọ́kọ́ ti h6, h5 á dé, bíṣọ́ọ̀bù á sì há: kò sí ilé tó lè sá sí tí wọn kò ní jẹ ẹ́. Bó bá ti h6, ó ní h7 láti sá sí. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ dúró lé lórí nìyí: ẹni tó bá rán ọmọ jáde gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó máa gbà padà wálé.

Àwọn kan ní ọ̀nà Sicilian ló yẹ ọmọ tó láyà. Ó le lóòótọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n ní kéèyàn há sórí níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ọmọ tí kò ní ìwé, tí kò ní kọ̀ǹpútà, lè rí kọ́. Caro-Kann kò sì jẹ́ ti ojo: òun ni Botvinnik fi mú dúdú borí Smyslov nínú eré àkọ́kọ́ ìdíje wọn fún adé àgbáyé chess ní ọdún 1958, níbi tó ti gba adé náà padà.

Ẹ̀yin olùkọ́, kí ọmọ tó mọ ìgbésẹ̀ kẹwàá, ẹ bi í léèrè ìdí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Bí kò bá lè ṣàlàyé c6, kò tíì kọ́ Caro-Kann.