Oríkèé Ló Ń Gbé Gáàsì Rìn: Ìtàn Ìhùmọ̀ Tí A Fi Ń So Ọ̀pá Gáàsì Pọ̀, Tí A Fi Ń Tún Un Ṣe, Tí A sì Fi Ń Ṣọ́ Ọ

Kò sí ọ̀pá gáàsì ńlá kankan tó gba Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ọ̀rùn tàbí Ẹ̀mùrè kọjá. Gáàsì ìdáná tí àwa ará gúúsù Èkìtì ń lò, inú sìlíńdà ló ń bá ọkọ̀ dé. Síbẹ̀, iná mànàmáná tí BEDC ń gbé wọ ilé wa, gáàsì ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá tó ń jó gáàsì ló pọ̀ jù lórí okùn iná orílẹ̀-èdè yìí. Bí ọ̀pá kan bá bẹ́ lẹ́bàá Warri lówùúrọ̀, òkùnkùn rẹ̀ lè dé Ìkẹ́rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, ìtàn ọ̀pá gáàsì kan àwa náà. Ohun tí ìtàn náà sì ń kọ́ni ni pé ibi tí páìpù méjì ti pàdé, ìyẹn oríkèé, ló máa ń pinnu bí gáàsì yóò ṣe rìn jìnnà tó. Àwọn tó hùmọ̀ bí a ṣe ń so páìpù pọ̀, bí a ṣe ń tún un ṣe àti bí a ṣe ń ṣọ́ ọ ló sọ gáàsì di ohun èlò ìlú. Ìlú tó bá sì fẹ́ jẹ èrè gáàsì, àwọn tó mọ iṣẹ́ mẹ́ta yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ ní.

Àwọn ará Ṣáínà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé gáàsì láti ibì kan dé ibòmíràn. Ní ẹkùn Sichuan, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga omi iyọ̀, gáàsì máa ń bá omi náà jáde, wọ́n sì ń fi ọparun darí rẹ̀ lọ sí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi náà títí yóò fi ku iyọ̀. Aṣọ àti òróró igi ni wọ́n fi ń dí ojú ibi tí ọparun ti pàdé. Èyí tó fún iṣẹ́ iyọ̀, kò tó fún ìlú ńlá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ Gas Light and Coke Company gba ìwé àṣẹ ní 1812 láti máa ta gáàsì tí wọ́n yọ lára èédú fún títan iná. Lákòókò náà, páìpù irin wọ́n, ó sì ṣòro láti ṣe. Ní 1825, Cornelius Whitehouse ní Wednesbury rí ọ̀nà láti fa irin pẹlẹbẹ tó gbóná gba inú ihò tó ń ká a, tí etí rẹ̀ méjèèjì á sì lẹ̀ mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Ìhùmọ̀ tó sọ páìpù di ohun tí owó lè rà yìí, ìsopọ̀ ni òun náà.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi owó ńlá dán ọ̀nà jíjìn wò. William Hart gbẹ́ kànga gáàsì ní Fredonia, ìpínlẹ̀ New York, ní 1821, ìlú kékeré náà sì rí iná tàn. Ní nǹkan bí ọdún 1870, àwọn oníṣòwò kan gbẹ́ inú igi páìnì, wọ́n tò ó ní kìlómítà bí 40 láti West Bloomfield dé Rochester. Kò tọ́jọ́: igi ń jẹrà, gáàsì sì ń jò. Ní 1872, ní Titusville ní Pennsylvania, páìpù irin tí ẹnu rẹ̀ kò ju íńṣì méjì lọ gbé gáàsì rìn ní kìlómítà bí mẹ́sàn-án, ó sì wúlò. Rochester ní owó, ó ní oníbàárà, ó ní gáàsì. Ohun tí kò ní ni páìpù àti oríkèé tó lè di gáàsì mú.

Lábẹ́ títì àwọn ìlú ńlá, irin dídà ni wọ́n ń rì. Ẹnu páìpù kan á fẹ̀, ìdí èkejì á wọ inú rẹ̀, wọ́n á fi okùn ki àlàfo tó ṣẹ́ kù, wọ́n á wá da òjé yíyọ́ lé e. Gáàsì èédú ní ọ̀rinrin, ọ̀rinrin náà sì ń mú kí okùn yẹn wú, kó dí ojú ibẹ̀ pa. Gáàsì inú ilẹ̀ gbẹ ní tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lórí gáàsì èédú bọ́ sórí gáàsì Òkun Àríwá láàárín 1967 sí 1977, okùn tó ti wú láti ọdún gbọọrọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń sún kì, gáàsì sì ń jò. Páìpù wọn kò yí padà, ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló yí padà, oríkèé ló sì kọ́kọ́ fi hàn. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni Solomon Dresser, tó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bradford ní Pennsylvania ní 1880, ti wá ojútùú sí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ó fi òrùka rọ́bà sí ìhà méjèèjì oríkèé, ó fi òrùka irin tẹ̀ ẹ́, ó sì fi nọ́ọ̀tì fún gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Rọ́bà náà ń dí gáàsì, ó sì tún ń gba páìpù láàyè láti gùn sí i nínú ooru, kó sì sún kì nínú òtútù, láìsí pé ojú ibẹ̀ là. Nígbà tó fi di 1891, gáàsì ti ń ti inú kànga Indiana wọ Chicago, ìrìn kìlómítà bí 190.

Bí a ti ń ti gáàsì pẹ̀lú agbára sí i, rọ́bà nìkan kò tó mọ́, ni àwọn wẹ́dà bá dé. Ní 1911, wọ́n fi iná ásẹ́tílíìnì jó ọ̀pá gáàsì kan pọ̀ nítòsí Philadelphia. Oscar Kjellberg ará Sweden ti kọ́ ayé bí a ṣe ń bo ọ̀pá tín-ín-rín tí wẹ́dà fi ń jó irin, kí afẹ́fẹ́ má baà ba ojú ibi tó ń yọ́ jẹ́, iná mànàmáná sì tipa bẹ́ẹ̀ di irinṣẹ́ wẹ́dà. Ní 1925, ilé iṣẹ́ Magnolia Gas jó ọ̀pá tó gùn ju kìlómítà 300 pọ̀ láti Louisiana wọ Texas. Ohun tí a jó dáadáa máa ń di irin kan ṣoṣo. Àmọ́, àléébù rẹ̀ lè sá pamọ́ sínú irin, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹnjiníà fi ń yàwòrán inú oríkèé bí dókítà ṣe ń yàwòrán egungun. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án 2010, ọ̀pá kan tí wọ́n rì ní 1956 bú gbàù ní San Bruno ní California, èèyàn mẹ́jọ sì kú. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin náà ni kò dára, ìwé ilé iṣẹ́ tó ni ín sì kọ ọ́ pé irú ojú ìjó bẹ́ẹ̀ kò sí lára páìpù náà rárá. Ó tó wákàtí kan àbọ̀ kí wọ́n tó rí gáàsì náà dá dúró. Ẹ̀bi àwọn tó jó o àti ẹ̀bi àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ló para pọ̀ ṣekú pa àwọn èèyàn wọ̀nyẹn.

Ìhùmọ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀ olókùúta bíi tiwa jù ni ike. Ní 1933, Reginald Gibson àti Eric Fawcett ṣèèṣì rí polyethylene níbi ìwádìí wọn ní ilé iṣẹ́ ICI ní England, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1960, wọ́n ti ń fi ṣe páìpù gáàsì. Kì í dógùn-ún, ó sì ń tẹ̀. Bí a bá fẹ́ so méjì pọ̀, a ó fi irin pẹlẹbẹ gbígbóná yọ́ ìdí méjèèjì, a ó tẹ̀ wọ́n mọ́ra títí wọn yóò fi tutù. Ọ̀nà kejì ni kí a ti ìdí wọn bọ inú ọ̀wọ́ oníke tó ní wáyà nínú, kí iná mànàmáná sì yọ́ ọ láti inú wá. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń bọ̀ ní kíká, nítorí náà ọ̀nà gígùn lè wà láìní oríkèé kankan. Láti 2002 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ike rọ́pò irin àtijọ́ tó wà nítòsí ilé. Nínú ìlú bí Ìkẹ́rẹ́, tí òkúta Olósunta àti Òròlé ń sọ fúnni bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí, páìpù tó lè tẹ̀ yí òkúta ká yóò dín iṣẹ́ fífọ́ àpáta kù. Ṣùgbọ́n inú ìlú ni ike ti wúlò. Irin ló ṣì ń gbé gáàsì tó ní agbára púpọ̀ rìn ọ̀nà jíjìn.

Irin inú ilẹ̀ sì ní ọ̀tá tirẹ̀, ìyẹn ìdógùn-ún. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá tí a rì. Humphry Davy ti fi hàn ní 1824 pé irin kan lè gba ìyà jẹ nítorí èkejì, kí ìdógùn-ún má baà kan èyí tí a fẹ́ dáàbò bò. Ní 1928, Robert Kuhn lo irú ọgbọ́n yìí lórí ọ̀pá gáàsì ní New Orleans, ó fi iná mànàmáná díẹ̀ dí ìdógùn-ún lọ́wọ́. Bí gáàsì bá sì jò, ó yẹ kí a tètè mọ̀: ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 1937, gáàsì tí kò ní òórùn kún abẹ́ ilé ìwé kan ní New London ní Texas, ó gbiná, èèyàn bí 300 ṣòfò, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Òfin dé lẹ́yìn èyí pé kí a máa po nǹkan olóòórùn mọ́ gáàsì, kí imú tètè mọ̀ bó bá ń jò. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni ẹ̀rọ tó ń gba inú ọ̀pá kọjá, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní pig, bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára òòfà wá ibi tí irin ti fẹ́lẹ́. Àtúnṣe náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ T.D. Williamson ní Tulsa wà lára àwọn tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́ láti jó ẹ̀ka mọ́ ọ̀pá tí gáàsì ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ́wọ́, kí wọ́n lu ú, kí wọ́n dí i, kí wọ́n sì gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, láìpa iná ìlú.

Nílẹ̀ tiwa, ọ̀pá láti Escravos dé Èkó, tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ íńṣì 36, ni wọ́n ṣe ní apá ìparí àwọn ọdún 1980 láti gbé gáàsì dé ilé iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbìn. Ó gba Ọ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kọjá, ibẹ̀ ló sún mọ́ wa jù. Láti Itoki ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀pá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gba abẹ́ òkun lọ sí Cotonou, Lomé, Tema àti Takoradi, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678. Ní oṣù kẹjọ 2012, àwọn ajalèlókun kọlu ọkọ̀ kan ní etí òkun Lomé, ìdákọ̀ró rẹ̀ sì ba ọ̀pá náà jẹ́. Ibi tó bàjẹ́ kò tóbi, ṣùgbọ́n omi òkun wọlé, wọ́n ní láti gé e, kí wọ́n fọ inú rẹ̀, kí wọ́n gbẹ ẹ́. Oṣù keje 2013 ni gáàsì tó padà dé Gánà. Ọ̀pá OB3, tó yẹ kó gbé gáàsì láti ìlà oòrùn bọ́ sí ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè yìí, jẹ́ kìlómítà bí 130, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dúró lórí bí yóò ṣe gba abẹ́ odò Ọya kọjá. Ìwọ̀nba ibi tí a kò so pọ̀ lè sọ gbogbo èyí tí a ti so di irin lásán.

Àwọn kan yóò sọ pé owó àti òṣèlú ni ìṣòro wa, kì í ṣe oríkèé. Òótọ́ ni pé láìsí owó, ọ̀pá kò ní sí. Ṣùgbọ́n owó Rochester kò dí gáàsì, owó OB3 kò sì gbé e kọjá odò lọ́jọ́ tí a yàn. Àwọn mìíràn yóò sọ pé àwọn tó ń fọ́ ọ̀pá ló ń dá òkùnkùn sílẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pá Escravos ní 2016, àti pé ọgbọ́n wẹ́dà kankan kò lè dá bọ́ǹbù dúró. A gbà. Kò sí ọ̀pá tí a kò lè fọ́. Ohun tó yàtọ̀ láàárín ìlú kan àti èkejì ni iye wákàtí tó máa gbà kí fáàfù tó tì, àti iye ọjọ́ tó máa gbà kí àtúnṣe tó parí. Ìdákọ̀ró ló ba ti Lomé jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àtúnṣe ló gba oṣù mẹ́wàá ó lé. Ẹlòmíràn á sì ní sìlíńdà tó fún wa. Gáàsì inú sìlíńdà yàtọ̀ sí ti inú ọ̀pá, kì í sì í ṣe òun ló ń mú ẹ̀rọ okùn iná orílẹ̀-èdè yí. Síbẹ̀, láàárín sìlíńdà àti sítóòfù, rọ́bà àti kílíìpù ló wà, oríkèé náà ni, omi ọṣẹ sì ni a fi ń wò ó bó bá ń jò.

Ohun tó kù fún gúúsù Èkìtì ti wá hàn. Ọ̀pá Escravos wà ní gúúsù wa, ọ̀pá tó ń ti Ajaokuta lọ sí Kánò bẹ̀rẹ̀ ní ìlà oòrùn wa. A wà láàárín méjèèjì, kò sì yẹ kó jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ̀ka kan bá yà sọ́dọ̀ wa ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tó lè jó o. Wẹ́dà pọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹ̀mùrè. Ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí tí iṣẹ́ ọ̀pá gáàsì ń béèrè ni kò wọ́pọ̀ láàárín wọn. Yunifásítì Bámidélé Olúmìlúà tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ ní ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ lórúkọ rẹ̀. Jíjó irin lábẹ́ àyẹ̀wò, yíyọ́ ike pọ̀, dídènà ìdógùn-ún àti títọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo oríkèé yẹ kó wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ níbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ wọ̀nyí kò ní dúró de ọ̀pá Èkìtì kó tó rí iṣẹ́ ṣe: Ọ̀rẹ̀, Warri, Èkó àti Takoradi lè nílò irú rẹ̀. Bí ọ̀pá bá sì dé, ọmọ ìlú ni yóò so ó pọ̀, ọmọ ìlú náà ni yóò sì mọ ibi tí oríkèé kọ̀ọ̀kan wà.