Àwòrán Ilẹ̀ Tí A Gé, Tí A Tún Tò

Ara àwòrán ilẹ̀ ni eré ègé-àwòrán, tí ọmọdé àti àgbà ń tò pọ̀ fún ìgbádùn, ti ṣẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1766, John Spilsbury, ayàwòrán ilẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ àwòrán ilẹ̀ mọ́ pátákó, ó sì fi ayùn gé e gba orí ààlà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọdé lè fi mọ ayé.

Bí a bá gé Nàìjíríà bẹ́ẹ̀, ọdún tí a gé e ni yóò sọ bí eré náà yóò ti le tó. Ẹkùn mẹ́ta péré ni ní 1960, eré ọmọ ọwọ́. Ìpínlẹ̀ 12 ní 1967, 19 ní 1976, 36 ní 1996. Ẹni tí ó bá fi ìjọba ìbílẹ̀ gé e yóò rí ègé 774, mẹ́wàá nínú wọn ní Òkè-Ògùn nìkan. Ìyẹn á gba àgbà ní alẹ́ mélòó kan.

Igun ni èmi a máa kọ́kọ́ wá nínú eré yìí, nítorí náà láti Ṣakí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, ní òkè lọ́wọ́ òsì Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ègé tí òun àti Ìsẹ́yìn wà nínú rẹ̀ ti ń kéré sí i: Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí ó dé Bìní títí di 1963, Ọ̀yọ́ ní 1976, Ọ̀yọ́ tí a gé Ọ̀ṣun kúrò lára rẹ̀ ní 1991. Àwọn kan ní Òkè-Ògùn sì ń bèèrè pé kí a tún gbé ayùn, kí ìjọba lè súnmọ́ wọn.

Ní ìwọ̀-oòrùn Ṣakí, ègé tí ó kàn kò sí nínú páálí wa. Àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fi Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu sínú páálí mìíràn, èyí tí à ń pè ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ègé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ sì gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀: etí wọn ṣe rẹ́gí.