Baálé Kú, Ta Ló Ń Gbowó Ilé?

"Àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́, baálé kú, ilé di ahoro." A máa ń pa ìdajì kejì òwe yìí bí ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ ló ń rò. Ikú nìkan kì í sọ ilé di ahoro. Bí baálé bá kú tí ẹlòmíràn jókòó sípò rẹ̀, tí gbogbo ẹbí sì gbà fún un, ahoro wo ló kù níbẹ̀? Ilé tí òwe ń wí ni èyí tí kò sẹ́ni tó lè sọ fún ayálégbé pé "máa kẹ́rù bọ̀" kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà láti Ìyànà-Ìbà dé Okokomáíkò, níbi tí yàrá ti wọ́n bí ojú. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ti wà ní Ọ̀jọ́ láti 1983, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń wá yàrá. Oníṣòwò ọjà Alábà ń wá. Àwọn tó ń retí kí rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Marina dé Mile 2 ní 2023 dé Okokomáíkò náà ń wá. Síbẹ̀, wàá rí ilé tí àgádágodo mẹ́ta wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, tí igbó ti gba ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n sì fọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà.

Ọ̀ràn náà ti pẹ́ ní kóòtù. Olóyè Mabinuori kú ní Èkó lọ́dún 1874. Ní 1908 ni wọ́n ṣì ń dá ẹjọ́ ilé rẹ̀, èyí tí àwọn lọ́yà mọ̀ sí ẹjọ́ Lewis àti Bankole. Ohun tó dúró níbẹ̀ ni pé ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìkọ ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ ló ni ín pọ̀, àti pé àgbà nínú àwọn ọmọ tó kù láyé, ìbáà ṣe obìnrin, ló lè ṣe olórí ẹbí. (Ì bá wù mí kí wọ́n ka gbólóhùn "ìbáà ṣe obìnrin" yẹn sókè ní ìpàdé ẹbí púpọ̀.)

Nígbà tó bá kan pínpín ni ìjà ń le. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé Lọ́ńdọ̀nù kó tó parí ní 1962, jẹ́ ti ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Bí a bá fi ìdí-igi pín ogún, ìyẹn bí ìyàwó ṣe pọ̀ tó, ọ̀nà mẹ́rin ni. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ìyẹn bí ọmọ ṣe pọ̀ tó, ọ̀nà mẹ́sàn-án ni. Ilé-ẹjọ́ ní ìdí-igi ni àṣà, àfi bí ìjà bá dé tí olórí ẹbí sì yan orí-ò-jorí. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí yóò fara mọ́ ìdí-igi. Àwọn tó pọ̀ lábẹ́ ìyá kan kò ní gbà, wọn a sì ti ilé pa.

Ibi tí mo rò pé a ti ń ṣìnà nìyí: pínpín ilé yàtọ̀ sí pínpín owó ilé. Òfin kò ní kí wọ́n gé ilé sọ́nà mẹ́rin kí ayálégbé tó wọlé. Kí ẹbí gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga lórúkọ ju ẹnì kan lọ, kí owó máa wọ àkáǹtì kan, kí wọ́n wá máa fi ìdí-igi pín owó náà lọ́dọọdún. Bí wọn kò bá gbọ́ra wọn yé, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999 ń bá èèyàn parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ayálégbé ló máa ń jìyà jù: ó ti sanwó fún ẹ̀gbọ́n, àbúrò tún kanlẹ̀kùn. Òfin ayálégbé Èkó ti 2011, tó yọ Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀ ṣùgbọ́n tó mú Ọ̀jọ́, kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó tún ní kí ó fún un ní rìsíìtì tí orúkọ onílé wà nínú rẹ̀. Orúkọ ta ni ẹbí yóò kọ síbẹ̀? Kí wọ́n jókòó fẹnu kò lórí ìyẹn ná, kó tó kan ọ̀rọ̀ ìdí-igi rárá.