Osibisa àti Orin Àṣemọ́jú Accra

Lọ́dún 1971, ẹgbẹ́ olórin kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àwo jáde, àwòrán erin abìyẹ́ tí Roger Dean yà ló wà lára páálí rẹ̀. Osibisa lorúkọ ẹgbẹ́, Osibisa náà lorúkọ àwo. Rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn òyìnbó pe orin inú rẹ̀, wọ́n sì kà á mọ́ ti àwọn onígìtá ìgbà náà tí wọ́n máa ń ta orin kan lọ títí bí ẹni pé kò ní í parí mọ́. Wọn kò parọ́, àmọ́ wọn kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ náà.

Accra ni kí á wò. Láti ìgbà tí E.T. Mensah ti gba àkóso ẹgbẹ́ Tempos lọ́dún 1948 ni ijó alẹ́ ti di iṣẹ́ gidi nílùú náà. Ní Paramount Club lọ́dún 1956, Louis Armstrong fúnra rẹ̀ bá wọn fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Rẹ́kọ́ọ̀dù ìgbà yẹn kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n agbo ijó kì í ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Bí agbo bá ti gbóná, ta ni yóò ní kí ìlù dákẹ́? Onífèrè á gbé orin, á fi lé onítírọ́ńpẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, onílù á gba tirẹ̀, ẹni tó ń jó kò sì ní í mọ ìgbà tí orin kan di òmíràn. Àwọn Tempos yìí kan náà ló ń wọ Èkó léraléra ní àwọn ọdún 1950, tí Bobby Benson àti Victor Ọláìyá fi rí àwòkọ́ṣe háíláìfù.

Inú irú agbo bẹ́ẹ̀ ni Teddy Osei, olórí Osibisa, ti jáde. Kumasi ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1937. Òun àti onílù Sol Amarfio jọ wà nínú ẹgbẹ́ Comets. Lọ́dún 1962, ìjọba Gánà fún un ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ láti lọ kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ́kọ́ dá Cat's Paw sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó di 1969, ó kó Amarfio mọ́ra, àti àbúrò rẹ̀ Mac Tontoh, tó ti fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì nínú Uhuru Dance Band, wọ́n sì dá Osibisa sílẹ̀.

Wọ́n fa orúkọ ẹgbẹ́ yọ láti ara osibisaba, orin ijó àwọn Fante etí òkun tó ti wà kí háíláìfù tó dé. Àwọn yòókù kì í ṣe ọmọ Gánà: Wendell Richardson onígìtá wá láti Antigua, Spartacus R tó ń ta béèsì láti Grenada, Robert Bailey tó ń tẹ dùùrù láti Trinidad. Lasisi Amao, ọmọ Nàìjíríà, ń fọn sakisofóònù, ó sì tún ń lùlù.

Tony Visconti ló bójú tó ìgbohùnsílẹ̀ àwo àkọ́kọ́ náà. Woyaya tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà, Art Garfunkel sì kọ orin tó sọ àwo yìí lórúkọ lọ́dún 1973. Àwọn àwo méjèèjì yìí ni ó dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, nítorí pé wọ́n fàyè gba ìlù láti sọ tẹnu rẹ̀ tán. Sunshine Day, tó wọ ipò kẹtàdínlógún ní Bìrìtìkó ní 1976, dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn létí jù wọ́n lọ; orin kúkurú ni, kò sì gba agbo.

Nílé ńkọ́? Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1971, Accra fi àríyá Soul to Soul ṣàjọ̀dún òmìnira ní Black Star Square. Wilson Pickett wá láti Amẹ́ríkà, Ike àti Tina Turner wá, Santana náà wá, ilẹ̀ sì mọ́ bá wọn níbẹ̀. Ọmọ Gánà ń fọn fèrè fún Lọ́ńdọ̀nù, Santana ń ta gìtá fún Accra! Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà fi gba tiwọn ṣe. Hedzoleh Soundz, ẹgbẹ́ tí Faisal Helwani ń darí ní Napoleon Club, bá Hugh Masekela ṣe àwo kan lọ́dún 1973, Èkó ni wọ́n sì ti gbà á sílẹ̀. Osibisa fúnra wọn dé Èkó fún àjọ̀dún FESTAC lọ́dún 1977.

Lẹ́yìn náà, dísíkò gba ìgboro. Kiki Gyan, ọ̀dọ́mọdé ọmọ Gánà tó gba dùùrù lọ́wọ́ Bailey, bá dísíkò lọ. Accra ló kú sí ní 2004. Onírúurú èèyàn wọlé, onírúurú jáde, Osei kò kúrò. Mac Tontoh ní tirẹ̀ padà sí Accra, ó dá Kete Warriors sílẹ̀, ó sì ń fi ìlù Ashanti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ títí tó fi kú ní 2010. Osibisa tún gbé àwo New Dawn jáde ní 2021, nígbà tí Osei ti pé ẹni ọdún 83. Oṣù kìíní ọdún 2025 ló kú.