Ẹyin ò lẹ́sẹ̀, àmọ́ ó ń rìnrìn àjò

1/ "Madam, túùbù yín ti dí." Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Ṣé ẹ mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá? Ẹ fara balẹ̀, ìtàn tó lé ní irínwó ọdún ni.

2/ Lọ́dún 1561, oníṣègùn ará Ítálì kan, Gabriele Falloppio, tẹ̀wé jáde. Ó ṣàpèjúwe ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó so mọ́ ilé ọmọ, tí ẹnu wọn fẹ̀ bíi ti fèrè. Ó pè é ní "tuba", ìyẹn fèrè idẹ ní Látìn. Fèrè ló di túùbù o! Àmọ́ kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

3/ Ó di 1672. Regnier de Graaf ní ìlú Delft, ní Nẹ́dálándì, ń la abo ehoro wò lẹ́yìn tí akọ bá ti gùn wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, ó rí ẹyin róbótó róbótó nínú túùbù. Ó ní ẹyin ń rìn lọ sílé ọmọ.

4/ Wàhálà wá dé. Kókó olómi tó pè ní ẹyin níbi tó ti ń hù tóbi ju ohun tó rí nínú túùbù lọ fíìfíì. Ta ló ń rìnrìn àjò tó ń kéré sí i? Ọ̀pọ̀ ò gbà á gbọ́. Ó kú lọ́dún 1673, ọmọ ọdún 32 péré.

5/ Ní 1827, Karl Ernst von Baer rí ẹyin nínú túùbù ajá, ó tọpa ẹ̀ padà sẹ́yìn, ó wá rí i: tóńtó kan nínú kókó olómi yẹn. Ilé ni de Graaf rí. Onílé ló ń rìn.

6/ Báwo ló ṣe ń rìn? Ẹnu túùbù tó rí bí ìka ọwọ́ á gbá a wọlé. Irun tíntìntín inú ẹ̀ á máa tì í, iṣan túùbù á máa sún un. Ibẹ̀ ni àtọ̀ ti ń pàdé ẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó délé ọmọ. Bí oyún bá há sínú túùbù, ó lè bẹ́ ẹ, ó sì lè pa ìyá. Ẹ má fi ṣeré.

7/ Túùbù Lesley Brown dí ní Ìlú Ọba. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá ọmọ. Robert Edwards, Patrick Steptoe àti Jean Purdy yọ ẹyin ẹ̀, wọ́n jẹ́ kó pàdé àtọ̀ nínú abọ́, wọ́n sì gbé e sílé ọmọ. Wọ́n bí Louise ní July 25, 1978.

8/ Ẹyin ò gba túùbù kọjá, ó sì dé ibi tó ń lọ. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tí túùbù ẹ̀ dí, ọ̀nà ló dí. Ẹ yé pè é ní àgàn.